Ọgbà Ìjàpá ní Ẹ̀yìnkùlé: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe ti adìẹ, kì í sì í ṣe ti ẹ̀fọ́. Ẹran kan ni, tó wà nínú àgbàlá púpọ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà, tí a kì í kà mọ́ ohun ọ̀sìn rárá. Ìjàpá ni. Ẹlòmíràn jogún tirẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn rà á lọ́wọ́ ọdẹ nígbà tó ń ti ìrìn àjò bọ̀, ó ní àwọn ọmọ á máa fi ṣeré. Ẹlòmíràn sì bá a níbi tí wọ́n ti ń ro ilẹ̀ láti kọ́lé, àánú ṣe é, ó gbé e wálé. Bó ti wù kó dé, ibi kan náà la sábà máa ń bá a: ẹ̀gbẹ́ kànga tàbí abẹ́ ọkọ̀, lórí kọnkéré gbígbóná, pẹ̀lú okùn nínú ihò tí wọ́n lu sí etí ẹ̀yìn rẹ̀.

“Kò ní kú, ìjàpá ni.” Ohun tí a máa ń wí nìyẹn. Òótọ́ ni pé kì í tètè kú, ohun tó sì ń tàn wá jẹ gan-an nìyẹn. Adìẹ tí kò rí omi mu lónìí, ẹ ó mọ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ìjàpá tí kò rí ibòòji àti ilẹ̀ tútù lè máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan sí méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni fura. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e, tó fúyẹ́ bí igbá òfìfo, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Nípa ti ihò yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa. Ìkarahun ìjàpá kì í ṣe páànù, kì í ṣe èékánná. Egungun ni. Egungun ẹ̀yìn àti egungun ìhà rẹ̀ ló so pọ̀ mọ́ra tó di ìkarahun yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ kàn án, ó mọ̀. Ẹni tó lu ihò sí i lu egungun ẹran tó wà láàyè. Yàtọ̀ sí ìrora, ojú ihò náà ni ìdọ̀tí ń gbà wọlé, tí á sì máa jẹrà lábẹ́. Ewu kejì tún wà tí àwa ará etí ọ̀sà mọ̀ dáadáa: bí òjò alẹ́ bá dé tí omi kún àgbàlá, ẹran tí a fi okùn so mọ́lẹ̀ kò lè sá. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ kọ́ ọgbà fún un. Bí ọgbà bá ti wà, ẹ ò nílò okùn mọ́.

IRÚ ÈWO LẸ NÍ?

Kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó jẹ́ ti igbó tiwa ní ìhà gúúsù níhìn-ín ni ìjàpá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní oríkèé. Ẹ wo ìkarahun rẹ̀ níbi tó ti kù díẹ̀ kó kan ìdí, ẹ ó rí ìlà kan tó ti apá ọ̀tún dé apá òsì. Bí ẹ̀rù bá bà á, apá ẹ̀yìn yẹn á wálẹ̀ bí ìlẹ̀kùn, á bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù rẹ̀. Kinixys ni àwọn onímọ̀ ń pè é, àwọn méjì tó sì ń gbé inú igbó ní gúúsù Nàìjíríà ni Kinixys homeana àti Kinixys erosa. Èyí tó ṣì kéré kò tíì ní oríkèé náà, nítorí náà ẹ má torí ìyẹn rò pé irú mìíràn ni.

Ní Amẹ́ríkà, irú kan wà tí wọ́n ń pè ní box turtle, tí oríkèé tirẹ̀ wà ní àyà, tó lè pa ara rẹ̀ dé mọ́ inú bí àpótí. Àwọn tó ń sìn ín lọ́hùn-ún máa ń kọ́ ọgbà fún un níta, ọgbà wọn ò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí a fẹ́ kọ́ yìí: ilẹ̀ tútù, ewé gbígbẹ, ibòòji, àti odi tí kò ṣeé gùn.

Èyí tí àwọn ọmọ máa ń mú nínú kánààlì tàbí ní etí ọ̀sà nígbà òjò, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Awọ wà láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, bó bá sì fẹ́ fi orí pamọ́, ńṣe ló máa ń ká ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan dípò kó fà á wọlé tààrà. Inú omi nilé tirẹ̀. Ọgbà yìí ò bá a mu o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i.

Ẹ má sì torí ẹ̀kọ́ yìí lọ ra ìjàpá. Ẹni tó ti ní ọ̀kan nílé là ń bá sọ̀rọ̀. Ẹyin bíi 2 sí 4 péré ni ìjàpá oríkèé máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń pẹ́ kó tó dàgbà tó ẹni tí ń yé. A ń gé igbó rẹ̀, a ń sè é jẹ, a ń tà á fún àwọn tí ń fi ṣe oògùn, a tún ń kó o lọ sí òkè òkun. Àjọ IUCN tó ń ṣírò ẹranko àgbáyé ti ka Kinixys homeana mọ́ àwọn tó wà nínú ewu tó ga jù láti parẹ́. Gbogbo ìjàpá orí ilẹ̀ ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES, láti ọdún 1985 sì ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí kíkó irú ẹranko bẹ́ẹ̀ wọlé àti kíkó o jáde. Bí ẹ bá ra ọ̀kan lọ́wọ́ ọdẹ nítorí àánú, owó yẹn ló máa rán an padà lọ mú méjì mìíràn.

IBI TÍ Ẹ Ó KỌ́ Ọ SÍ

Níhìn-ín ni iṣẹ́ gan-an wà fún àwa ará Bàrígà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà Ìlàjẹ àti ní gbogbo ibi tó sún mọ́ ọ̀sà. Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ ní Èkó, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹ lọ wo ara ògiri ilé yín. Bí omi bá ti kún àgbàlá yín rí, àmì rẹ̀ á wà níbẹ̀, ìlà dúdú tàbí ìlà ẹrẹ̀ lára ọ̀dà. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ibi tí ìjàpá yín yóò máa sùn gbọ́dọ̀ ga ju ìlà yẹn lọ. Bí àmì náà bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ, ẹ wá ibòmíràn nínú ọgbà ilé, tàbí kí ẹ bẹ aládùúgbò tí ilẹ̀ tirẹ̀ ga, bíi àwọn tó wà ní ìhà òkè.

Ẹ tún jìnnà sí ṣọ́kàwéè, sí ẹnu gọ́tà, àti sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń tu èéfín sí. Ẹ wá ibi tí oòrùn àárọ̀ ń dé, tí ilé tàbí igi sì ń bò láti ọ̀sán lọ. Ẹran igbó ni. Oòrùn ọ̀sán gangan tí àwa fúnra wa ń sá fún, òun náà ò lè fara dà á.

Bí lápálápá bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń fi ṣe ọgbà, ẹ hú u tàbí kí ẹ lọ kọ́ ọ síbòmíràn. Májèlé ni èso rẹ̀, ìjàpá sì máa ń he ohun tó bá já bọ́ sílẹ̀. Kókò náà kò dára nínú ọgbà, ewé rẹ̀ tútù ń yún ọ̀fun.

ODI

Fún ìjàpá kan tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí inú ọgbà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀. Ẹ lè sọ pé ó ti tóbi jù. Bí ẹ bá ní ààyè, ẹ jẹ́ kó tún tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹran tó ń rìn kiri inú igbó ni kì í ṣe ẹran inú àpótí.

Búlọ́ọ̀kù onínǹṣì 6 tó gùn ní ínǹṣì 18 la ó lò. Ìlà gígùn kọ̀ọ̀kan á gba búlọ́ọ̀kù 6, ìlà kúkurú tó wà láàárín wọn á gba 3. Ìyẹn jẹ́ 18 fún ipele kan. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán ni, ẹ kọ́ ipele 3: ẹ ri ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kí méjì tó kù yọ sókè. Búlọ́ọ̀kù 54 nìyẹn, ẹ ra 60 nítorí èyí tó lè fọ́. Ipele tí ẹ rì mọ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe ìnákúnàá. Ìjàpá máa ń walẹ̀ ní ìdí odi, òkété náà máa ń walẹ̀ láti ìta bọ̀ wá sínú, ínǹṣì 9 tó wà nínú ilẹ̀ ló máa dá àwọn méjèèjì dúró. Ẹ sọ fún bírìkìlà kó jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù kọjá ara wọn ní igun, kó má kàn to wọ́n lórí ara wọn.

Ṣùgbọ́n Ṣómólú la wà. Àgbàlá púpọ̀ ló ti di kọnkéré láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí bí omi bá máa ń dé ibẹ̀, ọgbà alára gíga lẹ ó kọ́. Ẹ to ipele 4 sórí ilẹ̀, ìyẹn búlọ́ọ̀kù 72, kí ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí ìsàlẹ̀ tó ínǹṣì 3 tàbí 4, kí ẹ sì kún un ní ilẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1. Odi tó kù lókè ilẹ̀ náà á ṣì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2.

Ní ipele ìsàlẹ̀, ní ìhà tí ilẹ̀ dà sí, ẹ fi ojú ihò 4 sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù láìfi sìmẹ́ǹtì dí i, kí omi òjò lè jáde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà kékeré bo ojú ihò náà láti inú kí eku má baà gba ibẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá gbàgbé ihò yìí, ohun tí ẹ kọ́ ti di táǹkì omi nìyẹn, kì í ṣe ọgbà.

A ti rí ẹni tó ní òun á fi nẹ́ẹ̀tì adìẹ ṣe odi nítorí owó. Kò dára. Bí ìjàpá bá ń rí ìta, ńṣe ni á máa rìn lọ rìn bọ̀ létí nẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí á fi imú gún un títí tí imú á fi bó. Odi tí kò ríran kọjá ló máa jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Páànù àlòkù àti pléètì àlùmíníọ́mù tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ti lò tán kò dára bẹ́ẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò wọ́n: etí wọn ń gé ni, wọ́n sì ń gbóná bí agbada. Bí owó búlọ́ọ̀kù kò bá sí, pákó nípọn tí ẹ kàn mọ́ òpó ṣe é lò. Àmọ́ ikán á jẹ ẹ́, ẹ ó sì pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun kan kù lórí odi. Ìjàpá kì í gun àárín ògiri, igun ló máa ń gùn: á fi ẹsẹ̀ kan ti ọ̀tún, á fi ìkejì ti òsì, á sì máa ti ara rẹ̀ sókè. Ẹ gé pákó onígun mẹ́ta 4, kí ẹ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ orí igun kọ̀ọ̀kan bí ìbòrí. Ọkọ Yánníbo ò ní rí ọgbọ́n ta sí ìyẹn.

INÚ ỌGBÀ

Ẹ má da kọnkéré sínú rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tí ẹ fi ń gbin ẹ̀fọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ fi yanrìn díẹ̀ pò ó kó má baà di ẹrẹ̀. Bó bá jẹ́ yanrìn tí wọ́n wà nínú ọ̀sà ní Bàrígà lẹ rà, ẹ tú u sílẹ̀ kí òjò fọ iyọ̀ rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lò ó. Lórí ilẹ̀ náà, ẹ kó ewé gbígbẹ sí i, ewé máńgòrò tàbí ti àgbọn kékeré, kó nípọn tó ínǹṣì 3. Ewé yẹn ló ń pa ọ̀rinrin mọ́, inú rẹ̀ sì ni ekòló àti kòkòrò tó ń jẹ máa ń wà. Ẹ má lo ìdọ̀tí igi láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń la pákó. Á gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ, wọ́n sì lè ti fi òògùn ikán sí igi náà.

Ibi ìsápamọ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ ńlá tó ti fọ́, ẹ dà á dùbúlẹ̀, kí ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì kó ewé sínú rẹ̀. Ẹ gbin kúkúndùnkún sí apá kan. Ó ń bo ilẹ̀, ó ń ṣe ibòòji, òun náà sì lè jẹ ewé rẹ̀.

Omi: àwo pẹrẹsẹ tó fẹ̀, tí ẹ ri mọ́lẹ̀ kí etí rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Kí omi inú rẹ̀ má ga ju àgbọ̀n rẹ̀ lọ nígbà tó bá dúró nínú rẹ̀. Ìjàpá máa ń wọnú omi láti mu ún, inú omi náà ló sì máa ń yàgbẹ́ sí, nítorí náà ojoojúmọ́ lẹ ó máa dà á nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fọn ò ní ráyè. Nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa fi ọmíínú wọ́n gbogbo ilẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bọ ilẹ̀ tó gbẹ dé ìsàlẹ̀, omi yín kò tó.

ÌDERÍ ÀTI ÀWỌN Ọ̀TÁ

Ẹ jẹ́ kí káfíńtà ṣe férémù pákó méjì tó bá orí ọgbà mu, kí ó kan nẹ́ẹ̀tì wáyà mọ́ ọn, èyí tí ojú rẹ̀ kò ju ààbọ̀ ínǹṣì lọ. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ju ìdajì lọ fún ibòòji. Ẹ fi ìdè sí i, kí ẹ sì fi àgádágodo tì í. Ajá, ológbò, eku àti àwọ́nríwọ́n ni ẹ ń tì í mọ́, ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́, ènìyàn ló pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀.

Eku ni kí ẹ má fojú kéré. Lóru tí ìjàpá bá ń sùn, eku lè máa jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ kù sínú ọgbà di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má torí eku da ọ̀tápíapía sí ìtòsí ibẹ̀. Pàkúté ni kí ẹ dẹ, ní ìta odi. Bí ìjàlọ bá ń bọ̀, ẹ gbé ìjàpá kúrò ná, kí ẹ tó da omi gbígbóná sí ọ̀nà wọn.

Ẹ má fi adìẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ mọ́ ọn nítorí àtifi ààyè pamọ́. Adìẹ á ṣá a lójú. Akọ ìjàpá méjì pàápàá kì í gbé pọ̀, wọ́n á máa kan ara wọn, wọ́n á máa dojú ara wọn dé. Akọ lẹ ó fi ìrù mọ̀, ìrù rẹ̀ gùn ó sì nípọn ju ti abo lọ.

OÚNJẸ

A ò ní pẹ́ lórí èyí. Nínú igbó, olú, èso tó já bọ́, ekòló, ọ̀kùn àti ìgbín kéékèèké ló ń jẹ. Ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ pípọ́n, máńgòrò, ewé kúkúndùnkún, ewé úgú, àti ìgbín kéékèèké tí ẹ ń ṣà lórí ebè ẹ̀fọ́ yín, bí ẹ kò bá ti fín òògùn sórí ebè náà. Ẹ gún èèpo ẹyin kúnná, kí ẹ máa wọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí ìkarahun rẹ̀. Búrẹ́dì, ìrẹsì, gàrí àti oúnjẹ adìẹ kì í ṣe tirẹ̀ o.

Kí àwọn ọmọ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ nígbàkígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tàbí kàn omi rẹ̀. Kòkòrò àrùn salmonella, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, máa ń wà lára ìjàpá tí ara rẹ̀ le pàápàá.

KÍ Ẹ TÓ GBÉ E WỌLÉ

Bí sìmẹ́ǹtì bá ti gbẹ, ẹ da báàkẹ́tì omi 4 tàbí 5 sínú ọgbà, kí ẹ wò ó. Bí omi bá ṣì dúró lórí ilẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ilẹ̀ yín ti le jù tàbí ihò ti dí. Ẹ tún un ṣe ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé okùn yẹn. Ẹ má fà á yọ tipátipá bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ egbò. Ẹ fi omi tó mọ́ tí ẹ sè, tó ti tutù, tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fọ ojú ihò náà, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran bí ẹ bá rí ọyún tàbí tó bá ń rùn.

Fún ọjọ́ mélòó kan, á máa yí odi po, á máa wá ọ̀nà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó má jẹun dáadáa. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má máa gbé e jáde fi han àlejò. Nígbà tó bá wọnú ìkòkò fífọ́ yẹn lọ sùn fúnra rẹ̀, ó ti gbà pé ilé òun nìyẹn. Ilé náà á sì pẹ́ kó tó gbó ju bí ẹ ti rò lọ. Ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Alágbà kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé, àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà pé ó lè tó bẹ́ẹ̀. Tiyín kò ní sún mọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún bó bá rí ìtọ́jú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa, ẹ fi igi tín-ín-rín gún ojú ihò omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kó ewé tó ti jẹrà dà sórí ebè ẹ̀fọ́, kí ẹ sì kó tuntun sínú ọgbà.